Kí ẹ tó gbé lísìtì iṣẹ́ yín lé AI lọ́wọ́, ẹ ka èyí ná

Lọ́jọ́bọ̀ kan, àbúrò mi obìnrin tó ń ta léèsì ní Balógun pè mí láàárọ̀ kùtùkùtù. Ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, AI yín ti kó bá mi o!"

Oníbàárà rẹ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti sanwó aṣọ ẹbí èèyàn mẹ́fà. Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn ni òde, télọ̀ sì ń dúró de aṣọ. Lórí lísìtì, AI ti kọ ọ́ pé iṣẹ́ náà ti parí. Aṣọ rèé nínú ṣọ́ọ̀bù, kò tíì kọjá Ìdúmọ̀tà.

Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo bá a ṣètò lísìtì náà, èmi náà ni mo kọ àlàyé tí AI ń kà kó tó lò ó. Níwájú "parí iṣẹ́", ohun tí mo kọ ò ju èyí lọ: "Fi èyí parí iṣẹ́." AI rí i pé owó ti wọlé, ó ní ó parí nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ ò parí àfi tí oníbàárà bá gba ẹrù. Ṣé mo kọ ìyẹn síbẹ̀? Rárá.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ẹ ti mọ AI tó máa ń dáhùn ìbéèrè. Èyí tí wọ́n ń pè ní AI agent yàtọ̀ díẹ̀: òun máa ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀. Ẹ lè ní kó wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, kó fi tuntun kún un, kó sàmì sí èyí tó ti parí. Nínú irú ètò tí mò ń sọ yìí, kì í wo bọ́tìnì tàbí àwọ̀ lójú fóònù bíi tiwa. Ọ̀rọ̀ tá a kọ ló ń kà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, iléeṣẹ́ Anthropic ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde, Model Context Protocol, tí wọ́n ń pè ní MCP. Lọ́dún 2025, OpenAI àti Google náà gbà á wọlé. Lábẹ́ ìlànà yìí, irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń sọ nǹkan mẹ́ta fún AI: orúkọ rẹ̀, àlàyé ohun tó ń ṣe, àti irú nǹkan tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún un kó tó ṣiṣẹ́. Àlàyé yẹn lèèyàn máa ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ẹ wo ọmọ tó ń bá wa tajà ní Ìdúmọ̀tà. Tẹ́ ẹ bá ní, "Lọ gbé ẹrù màmá yẹn fún wọn," tí kò bá yé e, á wojú yín, á béèrè. Àwọn àgbà ní tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ má fọkàn tán AI fún ìyẹn. Níbi tẹ́ ẹ bá fi àlàfo sí, ó lè fi àbá tiẹ̀ dí i.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ

*Orúkọ tó sọ iṣẹ́.* "to_ise_jade", "fi_ise_kun", "pari_ise", "pa_ise_re". Ẹ má pe méjì ní orúkọ tó jọra.

*Ìgbà tó yẹ àti ìgbà tí kò yẹ.* Ohun tí mo wá kọ rèé: "Lo èyí nígbà tí oníbàárà bá ti gba ẹrù nìkan. Owó tó wọlé kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti parí. Tí kò bá dá ọ lójú, béèrè."

*Ipò iṣẹ́.* Ẹ mú ọ̀rọ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan: "kò tíì bẹ̀rẹ̀", "a ti sanwó", "ó wà lọ́nà", "ó ti parí". Kí irinṣẹ́ má gba òmíràn.

*Ọjọ́.* Ẹni tó bá kọ 03/04 ní Èkó, oṣù kẹrin ló ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹta ni. Ẹ ní kó kọ ọdún ṣáájú, kó kan oṣù, kó kan ọjọ́: 2026-04-03. "Ọ̀túnla" ò tó.

*Èsì.* Tí lísìtì bá ṣófo, kó sọ pé kò sí iṣẹ́, kó má dákẹ́. Tí àṣìṣe bá wà, kó sọ ohun tó kàn: "Kò sí iṣẹ́ tó ní nọ́ńbà 47. Kọ́kọ́ to iṣẹ́ jáde kó o wo nọ́ńbà rẹ̀."

*Ewu.* MCP ní àmì tẹ́ ẹ lè fi sára irinṣẹ́: readOnlyHint fún èyí tó kàn ń wo nǹkan, destructiveHint fún èyí tó lè ba nǹkan jẹ́. Àmì lásán ni o, kì í ṣe àgádágodo. Ohun tó bá máa pa nǹkan rẹ́, kí èèyàn fọwọ́ sí i kó tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ má wá kọ ìwé ìtàn síbẹ̀ ṣá. AI máa ń gbé àlàyé yẹn sọ́kàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́, tó bá sì ti pọ̀ jù, owó ni, ìdàrúdàpọ̀ ni. Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò rọrùn: mo máa ń fún ẹni tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù yẹn rí kà. Ìbéèrè tó bá bi mí, ìdáhùn ẹ̀ ni mo gbàgbé láti kọ.

Àbúrò mi ló gbé aṣọ náà lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́wọ́ ara ẹ̀ lọ́sàn-án yẹn. Télọ̀ gba owó kún owó torí ìkánjú, èmi ni mo san án. Ní báyìí, tí owó bá wọlé, AI ò sọ pé ó parí mọ́. Ó máa ń béèrè ni: "Ṣé oníbàárà ti gba ẹrù?"