Ìdí tí reset kò fi lè dá fóònù Android tí wọ́n ti yí padà sí bí iléeṣẹ́ ṣe ṣe é

Ẹ ra fóònù tòkunbọ̀ kan. Ara rẹ̀ ń dán, kámẹ́rà rẹ̀ dára, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án, ìkìlọ̀ kan á kọ́kọ́ yọ lójú rẹ̀ pé bootloader rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ẹ fẹ́ lo áàpù báńkì lórí rẹ̀, áàpù kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò fọkàn tán fóònù yìí. Ẹ padà lọ bá ẹni tó tà á fún yín, ìmọ̀ràn tó sì fún yín kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ reset ẹ̀." Ẹ reset rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ reset rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwòrán yín lọ, nọ́ńbà àwọn èèyàn yín lọ, ìkìlọ̀ yẹn dúró digbí.

Ẹni tó tà á lè má purọ́ o. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ ni pé reset ń dá fóònù padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nínú páálí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yàrá kan ni reset ń gbá nínú ilé. Bó bá jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n yí padà, ìgbálẹ̀ kò dé ibẹ̀.

Kí ló wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan?

Ibi ìpamọ́ inú fóònù Android kì í ṣe gbọ̀ngàn kan gbalasa. Wọ́n pín in sí yàrá-yàrá, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní partition, ohun tó wà nínú yàrá kan kì í sì í dà pọ̀ mọ́ ti èkejì.

Aṣọ́bodè ilé náà ni bootloader. Òun ló ń kọ́kọ́ jí tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, òun ló sì ń yẹ àwọn yòókù wò kó tó jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Yàrá tí wọ́n ń pè ní boot ni kernel ń gbé. Kernel ni alárinà láàárín irin àti áàpù: áàpù kankan kò lè dá bá kámẹ́rà tàbí bátìrì sọ̀rọ̀, kernel ló ń bá a jíṣẹ́. Linux ni kernel Android, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nílùú Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, lọ́dún 1991. Android fúnra rẹ̀ wà nínú system, ohun tí iléeṣẹ́ tó ṣe fóònù àti ṣíìpù rẹ̀ fi kún un wà nínú vendor. Data ló kù, òun sì ni tiyín: àwòrán, àtẹ̀jíṣẹ́, áàpù tí ẹ fúnra yín gbé wọlé.

Data yìí ni reset ń nù. Àwọn yàrá tó kù, láti ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè títí dé system, ni à ń pè ní firmware. Èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ wá, tí ọwọ́ ẹlòmíì kò kàn án, ni wọ́n ń pè ní stock. Ẹni tó bá fẹ́ dá fóònù padà sí stock, firmware ló máa tún kọ. Reset lásán kò débẹ̀.

Ta ló ń yí fóònù padà, kí sì nìdí?

Kì í ṣe gbájúẹ̀ ló ń ṣe é. HTC Dream, fóònù Android àkọ́kọ́ tó dé ọjà, jáde lọ́dún 2008. Kóòdù tí wọ́n fi kọ Linux àti èyí tó pọ̀ jù nínú ti Android wà ní gbangba fún ẹni tó bá lè kà á, kò sì pẹ́ tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ. CyanogenMod, tí Steve Kondik bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, lókìkí púpọ̀ nígbà náà. Nígbà tó kógbá wọlé lóṣù Kejìlá ọdún 2016, LineageOS gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí iléeṣẹ́ ti pa fóònù rẹ̀ tì, tí wọn kò fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i mọ́, lè fi LineageOS sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹlòmíì á pààrọ̀ kernel nìkan kí bátìrì lè pẹ́. Ẹlòmíì ń wá root, ìyẹn àṣẹ tó ga jù lọ lórí fóònù, kó lè yọ àwọn áàpù tí iléeṣẹ́ ti kì sínú rẹ̀. Magisk, tí John Wu gbé jáde lọ́dún 2016, ni irinṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ jù fún èyí.

Kí èyíkéyìí nínú wọn tó ṣeé ṣe, wọ́n ní láti ṣí bootloader, bí ẹni sọ fún aṣọ́bodè pé kó má yẹ ẹrù ẹnikẹ́ni wò mọ́. Ibẹ̀ ni ìkìlọ̀ tó ń yọ lójú fóònù ti wá. Aṣọ́bodè ń sọ fún yín pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí òun dijú.

Kí ló ń mú wọn padà?

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ọ̀rọ̀ owó ló sì ń dá ọ̀pọ̀ padà sílé. Google ní ètò kan tó ń jẹ́ Play Integrity, tí áàpù fi ń béèrè bóyá fóònù tí òun wà lórí rẹ̀ ṣeé fọkàn tán. Bí bootloader bá wà ní ṣíṣí, ìdáhùn náà kì í dára, áàpù báńkì tó bá sì ń tẹ̀ lé e á tilẹ̀kùn. Àtúnṣe ààbò tí iléeṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ náà lè kọ̀ láti wọlé tó bá rí i pé boot tàbí system kò rí bí òun ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tó sì fẹ́ ta fóònù rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e fún olówó bó ṣe yẹ kó rí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Lẹ́nu àwọn tó ń tún fóònù ṣe, fláàṣì lorúkọ iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe fláàṣì tí à ń ṣe fún ọ̀rẹ́ nígbà tí káàdì bá tán, tí a ó gé e kó tó gbé e. Fláàṣì ti ibí yìí ni kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà àti wáyà USB kọ firmware lé èyí tó wà nínú fóònù lórí.

Pixel ti Google ló rọrùn jù láti fi ṣàlàyé, torí Google fúnra rẹ̀ ń gbé firmware wọn síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ẹ kó gbogbo ohun tó bá ṣe iyebíye síbòmíì, nítorí data máa nù. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àkáǹtì Google yín kúrò. Láti ìgbà Android 5.1, lọ́dún 2015, ni ààbò kan ti wà tó jẹ́ pé fóònù tí wọ́n bá nù láìyọ àkáǹtì lè béèrè pásíwọ́ọ̀dù ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ kó tó gbà fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá kan firmware tó bá fóònù náà mu gan-an. Orúkọ ìkọ̀kọ̀ Pixel 6 ni oriole, ti Pixel 6 Pro ni raven. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀wù ọ̀kan kò gba èkejì. Nọ́ńbà gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì kọ̀ọ̀kan tí ẹ lè fi mọ̀ bóyá ó dé lódindi. Láti ibẹ̀, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ fastboot, tàbí Android Flash Tool tó ń ṣiṣẹ́ nínú Chrome, á kọ yàrá kọ̀ọ̀kan ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé.

Ẹni tó jẹ́ pé Magisk nìkan ló fi sí fóònù rẹ̀ kò ní láti tú gbogbo ilé palẹ̀. Yàrá boot ni Magisk ń fọwọ́ kàn. Lórí àwọn Pixel tí wọ́n bí sórí Android 13, init_boot ni. Bí ojúlówó ti yàrá yẹn bá padà sáyè rẹ̀, root ti lọ nìyẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìlẹ̀kùn ni wọ́n ń tì kẹ́yìn?

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ojú ń kán wọn kí ìkìlọ̀ yẹn kúrò, wọ́n á sì yára ti bootloader kí gbogbo yàrá tó padà sí stock. Aṣọ́bodè tí wọ́n ti ní kó dijú á lajú, á rí àlejò kan nínú ilé, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé mọ́. Ìkìlọ̀ á di pupa: fóònù ti bàjẹ́, kò ní tàn. Bí wọ́n bá sì ti pa àyè ṣíṣí bootloader nínú ètò fóònù tẹ́lẹ̀, wọn kò lè ṣí i padà láti ìta. Bí recovery, ìyẹn yàrá àtúnṣe inú fóònù, bá ṣì ń dáhùn, àtúnṣe odindi tí Google fọwọ́ sí lè gba ibẹ̀ wọlé, kó sì yọ fóònù náà. Bí kò bá dáhùn, bíríkì ló ń jẹ́ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ kọ firmware tán, ẹ tàn án, ẹ jẹ́ kó jí délẹ̀, ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìgbà náà ni kí ẹ tó tì í. Títì náà á tún nu data lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ṣíṣí ṣe nù ún.

Ṣé bó ṣe rí lórí Samsung nìyẹn?

Odin ni irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò fún Samsung, fáìlì mẹ́rin ni wọ́n sì máa ń kó sínú rẹ̀. BL ni bootloader, AP ni kernel àti system, CP ni ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, CSC sì ni ètò orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti fẹ́ lo fóònù. Fáìlì karùn-ún wà tó ń jẹ́ HOME_CSC, tí wọ́n ń fi rọ́pò CSC: CSC ń nu data, HOME_CSC kì í nù ún. Ẹni tó ń ti inú firmware ẹlòmíì bọ̀ nílò èyí tó ń nù, kí ohun àtijọ́ má bàa dà pọ̀ mọ́ tuntun.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Odin kò lè tún ṣe. Láti ọdún 2013 ni Samsung ti ń fi fíúsì tín-tìn-tín kan sínú ṣíìpù fóònù rẹ̀, lábẹ́ ètò ààbò Knox. Bí firmware tí kì í ṣe ti Samsung bá wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, fíúsì náà á jó. Ìlà ojú ni: ẹni tí wọ́n bá ti kọ ọ́ fún lè pààrọ̀ aṣọ, ó lè pààrọ̀ ìlú, ìlà kò ní parẹ́. Kódà bí ẹ bá fi stock tó mọ́ jù sí i, Secure Folder tí wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ sí àti Samsung Pay tí wọ́n fi ń sanwó kò ní ṣiṣẹ́ lórí fóònù náà mọ́ láéláé.

Tecno, Infinix àti itel ńkọ́?

Iléeṣẹ́ Transsion ti ilẹ̀ Ṣáínà ló ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Ṣíìpù MediaTek ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, SP Flash Tool ni wọ́n sì fi ń fláàṣì wọn. Fáìlì kan tó ń jẹ́ scatter ló ń ṣe bí àwòrán ilẹ̀, tó ń fi ibi tí yàrá kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ hàn.

Ewu ibẹ̀ wà nínú yíyàn kan. "Download Only" ń kọ firmware sáyè rẹ̀, kò sì kan àwọn yàrá tó kù. "Format All" ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kó tó kọ nǹkan kan, títí kan yàrá NVRAM tí IMEI fóònù wà. Nọ́ńbà 15 tí *#06# ń gbé jáde nìyẹn, òun ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá fóònù mọ̀. Ẹni tó bá ṣi bọ́tìnì tẹ̀ á rí fóònù tó ń tàn dáadáa, tí síìmù wà nínú rẹ̀, tí kò sì lè pe ẹnikẹ́ni. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe á kọ́kọ́ fi ẹ̀dà NVRAM pamọ́ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ṣé gbogbo firmware àtijọ́ ló ṣeé padà sí?

Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2022, nígbà tí Android 13 dé, Google kìlọ̀ fún àwọn tó ń lo Pixel 6, 6 Pro àti 6a pé bí wọ́n bá ti kọjá síbẹ̀, wọn kò lè padà sí Android 12 tó bá fóònù wọn dé ọjà. Bootloader tuntun náà ní nọ́ńbà kan tó ń kà sókè nìkan, kò sì ní gba èyí tó bá kéré sí i.

Kì í ṣe ìkà. Ihò kan wà nínú bootloader àtijọ́ náà, Android 13 sì dí i. Bí wọ́n bá jẹ́ kí fóònù lè padà sẹ́yìn, ẹni tó jí i lè dá a padà sí ìgbà tí ihò ṣì wà, kó gba ibẹ̀ wọlé. Nítorí náà, stock tí à ń wí kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ èyí tó bá fóònù jáde nínú páálí. Èyí tí iléeṣẹ́ gbé jáde tí aṣọ́bodè ṣì lè gbà ni.

Kí ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó?

Ẹ tẹ *#06#, kí ẹ wò ó bóyá ó bá ti ẹ̀yìn páálí mu. Ẹ wọ inú Play Store, ẹ lọ sí ètò rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó kọ ọ́ pé Google fọwọ́ sí fóònù náà. Bó bá jẹ́ Samsung, ẹ ní kí oníṣòwò gbé e wọ Download Mode, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Warranty Void sí: òdo ló yẹ kó wà níwájú rẹ̀, ìyẹn ni pé fíúsì Knox kò tíì jó.

Èyí tó rọrùn jù kò gba ìmọ̀ kankan. Fóònù tó ti wà ní títàn nígbà tí ẹ dé ìdí àtẹ kò lè sọ ìtàn ara rẹ̀ fún yín. Ẹ ní kí oníṣòwò pa á, kó tún un tàn lójú yín, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí aṣọ́bodè máa sọ.