Ìmọ̀ tàbí Ìgbàgbọ́?

Ẹ̀yin àgbà awo, Plato, ọlọ́gbọ́n Gíríìsì àtijọ́, ní ẹ̀mí ti mọ òtítọ́ kí a tó bí ènìyàn. Ẹ̀kọ́ kàn ń rán an létí ni. (Ta ni kò ní rántí àkúnlẹ̀yàn níbí?) Locke ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ ọ́ ní 1690: ìrírí ni orísun ìmọ̀.

Hallen àti Sodipo bi àwọn oníṣègùn wa léèrè, wọ́n sì kọ ọ́ ní 1986 pé òṣùwọ̀n Yorùbá le: ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀, èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni, àfi bí a bá dán an wò. Ẹsẹ Ifá tí olúwo kọ́ wa, tí ojú wa kò tíì rí kí ó ṣẹ, èwo ni ká pè é?