Ọ̀nà-Èémí Nínú Ẹ́ńjìnnì Mọ́tò

Ẹni tí ó dàgbà sí Abereke, ní etí òkun Ìlàjẹ, tí ó sì mọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntírò rẹ̀, mọ̀ pé ikùn ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, níbi tí kíráńkì ti ń yí, kò gbọdọ̀ jò: ibẹ̀ ni epo ń gbà lọ jóná. Ti mọ́tò yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná díẹ̀ a máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìnì wọ ikùn rẹ̀. Ayọ́wọlé ni ó yẹ kí a pè é. Ọ̀nà-èémí sì ni rọ́bà tí ó ń kó o padà síbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. (Ìmí kò ṣeé lò: ìyàtọ̀ ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàárín rẹ̀ àti imí.)

Bí ọ̀nà-èémí bá dí, ayọ́wọlé yóò ti ọ́ìlì jáde. Bí ríìngì bá jẹ, bákan náà ni. Ti èkínní, fífọ̀ ni. Ti èkejì, títú gbogbo ẹ́ńjìnnì palẹ̀ ni. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ fọ ọ̀nà-èémí mọ́, kí a tan ẹ́ńjìnnì, kí a ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, kí a sì tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e. Bí ó bá fà á mọ́ra, ó ti sàn. Bí ó bá ṣì ń fẹ́ ẹ dànù, ríìngì ni kí a fura sí.