Bí Ara Bá Sú: Kì Í Ṣe Gbogbo Rẹ̀ Ni Oògùn HIV Ń Fà

 

Ọ̀kan nínú wa ló ní ká kọ èyí. A ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ máa wá a kiri ìsọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń lo oògùn HIV, ara rẹ̀ sì ń dá ṣáṣá. Ló bá rí i pé ara òun sú, láti àyà dé ẹ̀yìn, títí dé àtẹ́lẹwọ́. Kò yún un. Àwọn kan ní ooru ni, àwọn kan ní làpálàpá ni. Òun ní oògùn HIV ló ń bá òun jà, ló bá pa á tì, ó wá ń fi owó ọjà ra ìpara. Nígbà tó dé ọsibítù, wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wo àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Sífílísì ni.

Sífílísì kì í ṣe àtọ̀sí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbálòpọ̀ ni àwọn méjèèjì sábà ń gbà wọlé. Egbò tí kì í dunni ló fi ń bẹ̀rẹ̀, lójú ara tàbí lẹ́nu. Ti obìnrin lè wà nínú lọ́hùn-ún, kó má mọ̀ rárá. Egbò yẹn á jiná fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á wá sú. Èyí náà á lọ, a ó máa dúpẹ́, àṣé inú ara ló sá pamọ́ sí.

Lára ẹni tó ní HIV ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú, torí ohun tó lè mú ara wọn sú pọ̀. Oògùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bíi Septrin, lè ṣe é, ìyẹn sì sábà máa ń yún. Kúrúnà ń yún, pàápàá lóru. Ti sífílísì kì í sábà yún, ó sì fẹ́ràn àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú lásán mú un. Dókítà pàápàá ń ṣì í mú. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún sífílísì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí ara fi ń bá àrùn náà jà á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò á ní kò sí. Wọ́n á ní láti là á bí a ṣe ń la ọbẹ̀ tó ki, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, tàbí kí wọ́n gé awọ bíńtín.

Abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì ló ń wò ó. Bí kò bá tíì pẹ́ lára, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sábà ń gún un, ìbáà jẹ́ ẹni tó ní HIV. Bí pẹnisílìnì bá ti bá yín jà rí, ẹ tètè sọ. Ara lè gbóná lọ́jọ́ náà, kì í pẹ́ lọ. Aláboyún kò gbọdọ̀ fi falẹ̀, torí ó ń ran ọmọ inú. Bí ojú bá ń ṣe bàìbàì tàbí etí ń ho, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.

Oògùn HIV ńkọ́? Ẹ má fúnra yín dá a dúró. Àmọ́ bí ara bá ń bó, tí ẹnu ń lé, tí ibà wà ńbẹ̀, ẹ sáré lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀, òun ni yóò sọ èyí tí ẹ ó fi sílẹ̀.

Ìyá tí à ń sọ yìí ti padà sídìí oògùn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà ti gba abẹ́rẹ́, lẹ́yìn tó kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀ pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe òun.