Ọjọ́ Ìsinmi Kan ní Abẹ́òkúta fún Ọkọ àti Aya



Bí ọkọ àti aya ní àdúgbò wa yìí bá sọdá sí ilẹ̀ Nàìjíríà, ohun mẹ́ta ló sábà ń gbé wọn lọ: ọjà, òkú tàbí ìgbéyàwó. Kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí í jẹ́ kí àwọn méjèèjì ráyè ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ọjà ni, ìyàwó nìkan ní í lọ, ìkánjú ni yóò sì fi padà. Bí ó bá jẹ́ òkú ni, ọkọ á jókòó láàárín àwọn ọkùnrin, ìyàwó á wà nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Wọn á délé, wọn á ní àwọn ti dé Abẹ́òkúta. Òótọ́ ni, wọ́n dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò rí i.

A máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó, ọkùnrin kan obìnrin kan, tí wọ́n ń gba ojú títì kọjá pẹ̀lú àpò gàgàrà lẹ́yìn wọn. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé kí ló dé tí wọn kò gba zẹmijan, kí wọ́n sinmi ẹrù. Àmọ́ ohun kan wà nínú àṣà wọn tí mo fẹ́ kí a wò dáradára. Láàárín ìrìn-àjò wọn, wọ́n máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí wọn kò ní lọ ibì kankan tó jìnnà. Lọ́jọ́ náà wọn á fọ aṣọ, wọn á fi bàtà tó já fún oníbàtà, wọn á pààrọ̀ owó, wọn á wo ìlú díẹ̀, wọn á jẹun, wọn á sì tètè sùn. Ọjọ́ iṣẹ́ ilé ni, ọjọ́ ìran ni, ọjọ́ ìsinmi sì ni. Bí èmi yóò bá yan ìlú kan fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ àti aya láti ọ̀dọ̀ wa, Abẹ́òkúta ni n ó yàn.

Ọ̀nà kò jìn. Ẹ ó gba Pobè, Sakété àti Igolo, ẹ ó kọjá ẹnubodè sí Ìdí-Ìrókò, ẹ ó sì gba Ọ̀wọ̀dé àti Ìlaròó lọ. Ẹ ó rántí pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa. Nígbà tí wọ́n ṣí díẹ̀ nínú wọn ní òpin ọdún 2020, Ìdí-Ìrókò kò sí lára wọn. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó fún un láyè. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni ìyẹn pín sí méjì, tí òkú kú tí ará kò lè dé. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìwé yín. Àdéhùn CEDEAO ti ọdún 1979 fún wa láyè láti wọ ilẹ̀ ara wa fún ọjọ́ 90 láìgba físà, ṣùgbọ́n kò ní kí a má mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Ẹ mú káàdì àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́njú pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tí yóò fi dá yín dúró sójú oòrùn.

Àpò kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ti tó: aṣọ méjì, ìró kan, ọṣẹ, okùn tí a ó fi sá aṣọ, abẹ́rẹ́ àti òwú. Ẹ fi àpótí sílẹ̀ nílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi náà, aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀, nítorí oòrùn àárọ̀ ni aṣọ fẹ́. Nílé, a mọ ẹni tí í jókòó ti ọpọ́n aṣọ. Ní ilé àlejò, garawa kan ṣoṣo ni wọn yóò fún yín, ẹ kò sì ní ọmọ tí ẹ ó rán. Kí bàbá fọ ṣòkòtò ara rẹ̀, kí ó sì bá ìyá fún ìró, nítorí ìró tútù wúwo. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má ṣe fi í ṣẹ̀sín bí ọṣẹ bá kù lára aṣọ, ẹ kàn sọ pé, “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ṣàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.” Mo mọ̀ pé àwọn bàbá kan yóò bínú sí ìlà yìí. Kí wọ́n bínú, kí wọ́n sì máa fọ̀ ọ́ lọ.

Bí aṣọ bá ti wà lórí okùn, ẹ jáde lọ sí Olúmọ kí oòrùn tó mú. Àpáta náà ga tó mítà 137 sí ojú òkun. Wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní ọdún 2006, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí í gbé ènìyàn ròkè sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ yín bá ṣì le, àtẹ̀gùn ni kí ẹ gbà, ẹ̀yin méjèèjì, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lábẹ́ àpáta ni ẹ ó ti rí àwọn ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun. Ẹ ó rí ojú ibi tí àwọn ìyá ti ń lọ nǹkan lórí òkúta, tí ó ti jìn kòtò. Ó yẹ kí obìnrin tó ti lọ ata rí fi ọwọ́ kan ibẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni òkúta fi í jìn bẹ́ẹ̀. Àwọn ìdílé ló gbé ibẹ̀, wọ́n se oúnjẹ ibẹ̀, wọ́n bímọ ibẹ̀.

Ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá wá sí abẹ́ Olúmọ, lẹ́yìn tí ogun ti tú ìlú wọn àtijọ́ ká. Ta ló tún wá lé wọn níbẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kan àwa ará Benin gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, Gẹ̀sọ̀ ọba Dàhòmì kó ogun wá bá Abẹ́òkúta. Àwọn jagunjagun obìnrin wà níwájú nínú ogun náà. Odi Árò ni wọ́n kọlù, ibẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá sì ti lé wọn padà. Ní ọdún 1864 Gẹ̀lẹ̀lẹ́, ọmọ Gẹ̀sọ̀, tún gbìyànjú, òun náà kò sì rí ìlú náà kó. Nínú ogun kejì yìí ni Ẹfúnróyè Tinúubú, obìnrin oníṣòwò ńlá, ti pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ará ìlú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ẹni tó bá ti dé Kútọnu láti oṣù keje ọdún 2022 ti rí ère obìnrin jagunjagun tí wọ́n gbé kalẹ̀ níbẹ̀, tí gíga rẹ̀ tó mítà 30. Àwọn ọmọ wa ń ya fọ́tò lábẹ́ rẹ̀, orí wọn ń wú, n kò sì ní kí orí wọn má wú: obìnrin akọni ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró sí ẹnu ihò Olúmọ, ẹnu ihò náà ni ẹ ó ti máa wo àwọn akọni wọ̀nyí, ẹ kò ní wò wọ́n láti abẹ́ ère. Ibo sì ni àwa ará Plateau wà nínú ìtàn náà? Ọmọ ilẹ̀ Benin ni wá nísinsìnyí, ọmọ Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Ogun Dàhòmì yìí kan náà ló run Kétu ní ọdún 1886, tí wọ́n kó ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ẹkùn kan náà ni Kétu àti Pobè wà lónìí.

N kò sọ èyí láti tú egbò tó ti san. Fọn àti Nàgó ń fẹ́ ara wọn ní ìjọ wa, a sì jọ ń jẹun nínú àwo kan. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ yóò béèrè, bàbá àti ìyá sì gbọ́dọ̀ ti jọ sọ ọ́ kí ọmọ tó béèrè. Orí àpáta yẹn dára fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́, kò sí ẹni tó ń pè yín.

Láti òkè ẹ ó rí odò Ògùn, ẹ ó rí àwọn òrùlé páànù tó ti pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, ẹ ó sì rí Aké. Ní Abẹ́òkúta ni ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ti jáde ní ọdún 1859, láti ọwọ́ Henry Townsend. Ìlú yìí náà ni Àjàyí Crowther ti rí ìyá rẹ̀ padà ní ọdún 1846. Ọdún 1821 ni wọ́n ti kó o lẹ́rú. Ọdún 25 ni ìyá kò fi gbúròó ọmọ! Ẹni tó bá ní ọmọ tó ti gba ọ̀nà jíjìn lọ wá iṣẹ́, tí kò tẹlifóònù, yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá oúnjẹ. Làfún ni oúnjẹ Ẹ̀gbá, pẹ̀lú ewédú. Ìrẹsì ọ̀fadà tí wọ́n fi ewé wé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tútù, sì ń bẹ fún ẹni tó bá fẹ́ kí imú òun ṣomi. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Bí ẹ bá ní kí wọ́n fún yín ní “mọnẹ́ẹ̀”, wọn yóò máa wò yín. “Ṣéńjì” ni wọ́n ń pè é. Zẹmijan wa ni ọ̀kadà wọn, pọ́tábù wa ni fóònù wọn. Ìyá tí ń ta oúnjẹ yóò rẹ́rìn-ín, yóò béèrè ibi tí ẹ ti wá, ó sì ṣeé ṣe kí ó ní ẹbí ní Sakété.

Ọjà Ìtokú ló kù, nídìí àdìrẹ. Àwọn ìyá àtijọ́ a máa fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ làfún ya iṣẹ́ sára aṣọ funfun, wọn a sì rẹ ẹ́ sínú aró ewé ẹ̀lú. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mu ún. Ẹlẹ́kọ nìyẹn. Oníko ni èyí tí wọ́n fi ìko so kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Lónìí, àbẹ́là yíyọ́ àti aró inú agolo ló pọ̀ jù, iṣẹ́ ọwọ́ ṣì ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹ yí aṣọ padà: bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣá ju ojú rẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti ẹ̀rọ. Ẹ ra ẹyọ kan, kí bàbá sì jẹ́ kí ìyá ná an. Kò sí ohun tí bàbá mọ̀ níbẹ̀.

Bí àkókò bá kù, ẹ gba Lántòrò kọjá. Ní ọdún 1895 ni Fadá Jean-Marie Coquard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá ilé ìwòsàn Ọkàn Mímọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ S.M.A. ni Fadá náà, àwọn kan náà tó gúnlẹ̀ sí Wídà ní ọdún 1861. Aláìsàn wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe dúró pẹ́, ẹ má sì ya fọ́tò. Àdúrà kúkúrú fún wọn ti tó.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ká aṣọ kí ìrì tó sẹ̀. Ẹ jókòó ka owó pọ̀, náírà lọ́tọ̀, séfà lọ́tọ̀, kí ẹni méjèèjì mọ ohun tó kù. Iye tí wọ́n fi ń pààrọ̀ wọn kì í dúró sójú kan, nítorí náà ẹ má ṣe pààrọ̀ ju èyí tí ẹ ó ná lọ. Ẹ pe àwọn ọmọ nílé, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fún adìyẹ lómi. Lẹ́yìn náà ẹ di àpò yín. Àdìrẹ tuntun yẹn, ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ aṣọ funfun. Bí ẹ bá délé, omi tútù àti iyọ̀ díẹ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ sì sá a sí abẹ́ ibòji.