Ìpadàbọ̀ láti Gánà: Ohun tí ó Mú kí Ọ̀nà Ìmàṣàyí Jìn ní Ọdún 1969

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe yìí dára, a sì máa ń fi í gba ara wa níyànjú nígbà tí a bá wà ní ìdálẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ bí ọ̀nà ilé ti máa ń rí fún ẹni tí wọ́n sọ fún pé dandan ni kí ó máa lọ sílé. Èyí ni mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa nínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí.

Ọmọ Ìmàṣàyí ní ilẹ̀ Yewa ni mí, ṣùgbọ́n Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí àwọn òbí mi kó wa padà sílé ní ìparí ọdún 1969. Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀, ẹ ó rí i pé láti Kùmásì dé Ìmàṣàyí kò tó ẹgbẹ̀rin kìlómítà. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le yóò rìn ín ní ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méje gbáko ni ó gbà wá. Kí ni ó wá mú kí ọ̀nà náà jìn tó bẹ́ẹ̀?

OHUN TÍ Ó GBÉ WA DÉ GÁNÀ

Kí ilẹ̀ Gánà tó gba òmìnira ní ọdún 1957, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni òun àti ilẹ̀ wa wà. Gold Coast ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ ṣòwò níbẹ̀ kò ní wàhálà ìwé ìgbélùú. Kòkó àti wúrà mú kí owó wà nílùú, owó ni ó sì ń pe oníṣòwò. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ìnísà, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ṣakí ni wọ́n gbajúmọ̀ jù nínú àwọn Yorùbá tí ó lọ. Láti Accra títí dé Tamale ní òkè ọya, kò sí ọjà ńlá kan tí ènìyàn yóò dé tí kò ní í gbọ́ èdè Yorùbá níbẹ̀. Alátá ni àwọn onílẹ̀ máa ń pè wá.

Ọdún 1947 ni bàbá mi kúrò ní Ìmàṣàyí. Ọjà wẹ́wẹ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀: abẹ́rẹ́, òwú, dígí àti ọṣẹ. Nígbà tí wọ́n bí mi, ó ti ní ìsọ̀ aṣọ. Ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin sí Kùmásì, ṣùgbọ́n kò kọ́ ohunkóhun sí Ìmàṣàyí. Ẹ má ṣe bú u. Ẹni tí ó ń sọ lọ́dọọdún pé ọdún tí ń bọ̀ ni òun yóò padà sílé, ibi tí ó ń sùn lónìí ni yóò kọ́kọ́ tún ṣe.

ÒFIN Ọ̀SẸ̀ MÉJÌ

Láti àárín àwọn ọdún 1960 ni owó kòkó ti já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Gbèsè wọ ìjọba Gánà lọ́rùn, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò sì ríṣẹ́ ṣe. Nígbà tí nǹkan bá le báyìí ní ìlú, àlejò ni ojú ń kọ́kọ́ wò. Àwọn kan ní àwọn àlejò ni ó gba ọjà lọ́wọ́ onílẹ̀. Ní ọdún 1969 kan náà ni wọ́n dìbò yan ìjọba Dókítà Kofi Busia. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba yìí pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gba ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀.

Bàbá mi ní ìwé. Ìwé owó orí rẹ̀ láti ọdún 1947 ni ó tò jọ sínú àpótí. Ó rò pé ẹni tí ó bá ti san owó orí ìlú kan fún ọdún méjìlélógún, ọmọ ìlú náà ni. Wọ́n sọ fún un pé ìyẹn kọ́ ni ìwé tí òfin ń béèrè.

Ibí yìí ni ó yẹ kí ẹ fiyè sí, nítorí òun gan-an ni ìdí kìíní tí ọ̀nà náà fi jìn. Àwìn ni òwò wa dúró lé lórí. Oníṣòwò ńlá máa ń ta ọjà láwìn fún bàbá mi, òun náà a sì tà á láwìn fún àwọn obìnrin tí ń kiri lọ sí abúlé. Nígbà tí òfin yìí jáde, àwọn tí a jẹ lówó dé ẹnu ọ̀nà wa kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àwọn tí ó jẹ wá lówó kò yọjú mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti gba gbèsè ọdún méjìlélógún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹrù. Ìyá mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síta láti tà á, àwọn aládùúgbò wa mẹ́fà sì gbé tiwọn síta lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń tà, ta ni yóò rà? Owó ọkọ̀ ènìyàn kan péré ni ẹ̀rọ náà mú wá.

Ilé oníyàrá mẹ́rin ńkọ́? Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ni ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí lọ́wọ́. Títí di òní olónìí, a kò tún fi ojú kan ilé náà.

ỌJỌ́ MÉJE LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá, ni a kúrò ní Kùmásì. Àwa mẹ́fà ni: bàbá mi, ìyá mi, àti àwa ọmọ mẹ́rin. Àbúrò wa tí ó kéré jù wà lẹ́yìn ìyá mi. Bọ́lẹ́kájà ni ọkọ̀ wa, orí àpótí irin ni a sì jókòó lé. A sùn ní Accra lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì a rékọjá odò Volta, ní àṣálẹ́ a dé Aflao tí ó jẹ́ ibodè Gánà àti Tógò.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti dúró. Èrò tí ó wà níbẹ̀ kò lóǹkà. Orí ẹrù ni olúkúlùkù ń sùn, nítorí ẹni tí ó bá fi tirẹ̀ sílẹ̀ lè má bá a mọ́. Ìgbà ọyẹ́ ni: tí oòrùn bá wọ̀, òtútù a mú wa, tí ó bá yọ, eruku a bo ojú, ètè a sì là. Kẹ́ńkẹ́ àti ẹja gbígbẹ ni a ń jẹ. Omi ni ó ṣọ̀wọ́n jù. Rírà ni a ń rà á. Oorun ọjọ́ méjì níbẹ̀ kò tó oorun wákàtí mẹ́rin nílé. Kò sí ẹsẹ̀ bàtà kan tí a rìn ní ọjọ́ méjì yẹn, síbẹ̀ ó rẹ̀ wá ju ẹni tí ó rìn lọ. Ìdí kejì nìyẹn: ìdúró a máa rẹ ènìyàn ju ìrìn lọ, pàápàá ìdúró tí ẹni tí ń dúró kò mọ ìgbà tí yóò parí.

Ọjọ́ Túsìdeè, ọjọ́ 2 oṣù kejìlá, tí ọ̀sẹ̀ méjì náà pé, ni a wọ Lómè. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ohun tí ìlà tí àwọn òyìnbó fà sílẹ̀ ṣe fún wa láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Gánà nígbà náà. Ní Tógò àti Dàhòmì, tí ó di Bìnì ní ọdún 1975, ọwọ́ ọ̀tún ni. Nígbà tí a dé Nàìjíríà, ọwọ́ òsì tún ni, nítorí ọdún 1972 ni ilẹ̀ wa tó yí i padà. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, Faransé ni ní àárín, Gẹ̀ẹ́sì tún ni ní ìparí. Owó sídì ni ó wà lápò wa, séfà ni wọ́n ń ná ní Lómè àti Kùtọnú, pọ́n-ùn àti ṣílè ni ní ilẹ̀ wa. Níbi gbogbo tí a ti ń ṣẹ́ owó ni a ti ń pàdánù. Owó tí ó yẹ kí ó tó fún oṣù mẹ́ta ní Kùmásì kò tó fún oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí a délé.

Ọjọ́ Ọjọ́rú ni a gba Kùtọnú kọjá, a sì sùn ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Nígbà náà wọn kò tíì la ọ̀nà ńlá tí ó gba Badagry lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Ìdìrókò ni ọ̀nà ńlá sí Nàìjíríà ń gbà, ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, bí wọ́n ti ń pe ilẹ̀ Yewa nígbà náà, ni ó sì ń kí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń bọ̀ káàbọ̀. A wọlé ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ tí ìyá kan tí ń ta ẹ̀kọ ń fi èdè ilé wa kí àwọn oníbàárà rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, kò sì lè dìde fún ìgbà díẹ̀.

Ìlaró ni ilẹ̀ ṣú wa sí. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 5 oṣù kejìlá, lọ́rì tí ń kó pákó gbé wa dé Ìmàṣàyí ní ọ̀sán gangan.

A DÉLÉ, Ọ̀NÀ KÒ TÍÌ TÁN

Ìdí kẹta ni ó le jù. Ilé tí à ń lọ kò retí wa, àwa ọmọ pàápàá kò sì mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà béèrè lọ́wọ́ bàbá mi pé, "Ta ni àwọn wọ̀nyí?" Yàrá kan ni wọ́n rí fún àwa mẹ́fà. Mo gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ. Yorùbá tí mo sì gbọ́, ti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n yí wa ká ní Kùmásì ni. Bí mo bá ti lanu, àwọn ọmọ Ìmàṣàyí a bú sẹ́rìn-ín. Ní ilé ẹ̀kọ́, ìṣirò sídì àti péséwà ni mo mọ̀. Wọ́n gbé ṣílè, sísì, tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀ síwájú mi, mo sì gbòdo. Wọ́n dá mi padà sẹ́yìn kíláàsì kan. Bàbá mi, tí kò fọwọ́ kan ọkọ́ láti ọdún 1947, bẹ̀rẹ̀ sí í ro oko ẹ̀gẹ́. Ó gbà tó ọdún mẹ́ta kí ìyá mi tó dẹ́kun wíwí pé "nígbà tí a bá padà délé," kí ó sì jẹ́ Kùmásì ni ó ń sọ.

OHUN TÍ ÀWA NÁÀ ṢE

Èmi ìbá dá ọ̀rọ̀ mi dúró níhìn-ín, òótọ́ ìbá kù. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn ní Dakar pé ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Kò pé ọdún mẹ́rin tí ìjọba Nàìjíríà, ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ wọn. Owó epo rọ̀bì ni ó já wálẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn tí ó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ọmọ Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba Gánà ti ti ibodè rẹ̀ láti ọdún 1982, kò sì ṣí i fún wọn títí di ọjọ́ 29 oṣù náà, nítorí náà ojú ọ̀nà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn há sí.

Bíríkìlà kan tí ó jẹ́ ọmọ Gánà ń gbé ní àdúgbò wa. Àwọn ènìyàn ti ń wá wo bẹ́ẹ̀dì àti rédíò rẹ̀, wọ́n ń dá a ní owó tí kò tó nǹkan. Mo wà nílé nígbà náà. Bàbá mi lọ bá a, ó sì fi Twi bi í pé, "Ta ló jẹ ọ́ lówó?" Ilé márùn-ún ni ó ti ṣiṣẹ́ tí wọn kò tíì san án tán. Bàbá mi mú mi dání, a lọ sí ilé márààrún ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mẹ́ta san owó. Àwọn méjì ní kò sí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́tà bíríkìlà náà dé: ọjọ́ mọ́kànlá ni ó lò lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kì í ṣe kìlómítà ni a fi ń wọn ọ̀nà ilé. Kánjúkánjú tí kò jẹ́ kí ènìyàn palẹ̀ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mọ́, ibodè tí ó dá a dúró, àti ilé tí kò mọ̀ ọ́n mọ́, àwọn ni ó ń mú kí ó jìn. Nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo pé kí àlejò máa lọ sílé rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí a bá ti san owó iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà tí ó padà láti Gánà kò pọ̀ mọ́ nínú agbolé wa. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù ní tiyín, ẹ lọ jókòó tì í ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀.