Kí Ló Mú Kí Aláìsàn Dákẹ́ Níwájú Dókítà?

"Kí ló ń ṣe yín?" Báyìí ni dókítà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Àgbàlagbà mìíràn ní ìlú Ìwó yóò gbọ́ ọ, yóò dáhùn pé ara òun ni kò le, yóò sì dákẹ́. Ọ̀dọ́mọdé dókítà a rò pé olóríkunkun ni.

Oríkunkun kọ́. Ẹni tó bá tọ babaláwo lọ kì í ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un. Yóò mú owó, yóò sọ ohun tó ń dùn ún sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, babaláwo yóò sì ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀. Bí odù bá ti hàn, tí a sì ti ki ẹsẹ Ifá, ìgbà náà ni aláìsàn yóò mú èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu, tí yóò sì tú ikùn rẹ̀. Ìwó jẹ́ ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àáfà tó ń tẹ yanrìn pàápàá, ẹnu rẹ̀ ni àlejò ń wò. Ẹni tó mọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Lójú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, dókítà tó kọ́kọ́ béèrè ti jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀. Bí ó bá sì tún fi "ìwọ" pe ẹni tó tó bí i lọ́mọ, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ibi tí ewu wà ni ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn tí kì í sábà dun ni. Dókítà kọ oògùn, ó ní kí bàbá máa lò ó lójoojúmọ́. Bàbá ní, "Ẹ ṣeun, dókítà," nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún un. Kò béèrè ìgbà tí yóò lò ó dà. Ó délé, orí kò fọ́ ọ, ó pa oògùn tì, títí rọpárọsẹ̀ fi dé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, Abẹ́òkúta, ní 1954, mọ ìwúlò àṣà yìí. Ó fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan wọn, ó sì mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú ìtọ́jú wọn.

Ìwó ni Yunifásítì Bowen wà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé ìwòsàn ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ń ti ọ̀kan lọ sí èkejì kò ní láti di babaláwo. Kí ó kí bàbá dáadáa, kí ó béèrè àlàáfíà ará ilé, kí ó fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí ó tó wí pé: "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ó lè má dùn yín rárá, ṣùgbọ́n ó lè ṣe yín ní jàǹbá. Ṣé ẹ ń rí oorun sùn lóru?" Irú bàbá bẹ́ẹ̀ lè tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ọdún tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.